Ogún Ọdún Nídìí Ogun

Mi ò gbé ìbọn rí.
Bàtà ni mo ń rà,
bàtà, bọ́tìnnì, róbà ìdí ẹ́ńjìnnì,
àti wáyà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ọmọ tuntun,
tí kò bá sí, odindi ọkọ̀ ojú omi kò ní kúrò lẹ́bùúté.

Ní Filton ni, létí Bristol,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń ka àlàyé ìnáwó sókè,
díẹ̀díẹ̀, láìwojú ẹnikẹ́ni.
Káàdì iṣẹ́ wà lọ́rùn mi.
Èmi inú àwòrán rẹ̀ ṣì ní irun.

A jẹ́ mẹ́rìnlá nígbà tí mo dé.
Glenys, ọmọ Wales, ló kọ́ mi níṣẹ́.
Ó ní, "Iye owó àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pè, àlá ni.
Jẹ́ kí wọ́n jí ná."
Ó mọ bàbá kan ní Sheffield
tó ṣì lè rọ irin kan báyìí
tí ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rọ ọ́ ti kógbá wọlé.
Bàbá náà kì í gbé fóònù àfi lẹ́yìn aago mẹ́fà.
Èyí kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Orí Glenys ló wà.

Alasdair ló kọ́kọ́ lọ.
Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tajà fún wa ló lọ.
Nígbà tó ṣe, ó padà wá, ó jókòó sí òdìkejì tábìlì,
bàtà rẹ̀ ń dán,
ó sì mọ ibi tí àpò wa ti ń jò.
Mo bu tíì fún un. Ó ṣì rántí pé mi ò kì í fi ṣúgà sí tèmi.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tamsin. Oṣù mẹ́sàn-án péré.
Ó kọ́ṣẹ́ tán, ó palẹ̀ mọ́.
Ta ni yóò bá a wí?
Onílé Bristol kì í gba ìfẹ́ orílẹ̀-èdè
dípò owó ilé.

Àpòòwé owó ìdágbére ń kiri, a ń sọ owó sí i.
Kéèkì kan náà, láti ṣọ́ọ̀bù kan náà.
Bíírò mi ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀:
"Ó dàárọ̀ o. Má gbàgbé wa."

Àwọn ọ̀gá lẹ ìlà pupa kan mọ́ ògiri,
ìlà ń gòkè, àwa ń dín kù.
Wọ́n pe agbani-nímọ̀ràn láti London.
Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan rẹ̀
ìbá dá Tamsin dúró fún oṣù kan.

Fọ́ọ̀mù kan wà fún ẹni tó bá ń lọ,
ìbéèrè méjìlélógún: Kí ló dé tí o fi ń lọ?
Glenys fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo,
ó kọ ìlà kan sísàlẹ̀:
"Ẹ ò bi mí nígbà tí mo wà."

Ogún tó fi sílẹ̀ fún mi, ìwé pélébé kan ni,
nọ́ńbà bàbá Sheffield,
àti "ẹ̀yìn aago mẹ́fà" tó fàlà sí nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi náà, wọn ò tíì bi mí.
Bí wọ́n bá bi mí, ma sọ ti owó ìfẹ̀yìntì,
ma sọ ti gbèsè orí ilé,
òótọ́ sì ni.
Mi ò ní sọ ti ọmọ ológun tó sùn nínú ọkọ̀ ojú irin
lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, tó na ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà.
Mo mọ bàtà náà. Mo ti dúnàádúrà lé e fún oṣù mọ́kànlá.
Mo dọ́gbọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà,
mo wo àtẹ́lẹ̀ rẹ̀.
Kò tíì ṣí.

Lónìí, ọmọ tuntun dé, Jowan, láti Cornwall.
Ó bi mí ibi tí wọ́n ti ń bu omi gbígbóná.
Ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀,
ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń rẹ àga náà wálẹ̀.
Gíga Tamsin ló ṣì wà.